Ọkàn Tó Ń Lù Lábẹ́ Àtàǹpàkò

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Kesorn kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló sì fi mọ̀ ọ́n fún odidi oṣù méjì. Ẹsẹ̀ gbọọrọ méjì ni, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn le bí èèpo àgbọn, ilà kan sì dábùú wọn láàárín níbi tí kókó ọ̀pá ọparun tó fi ń gun igi àgbọn ti ń tẹ̀ wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún yà síta díẹ̀, bí ọmọdé tó ń yọjú wo àlejò. Omi odò ṣì ń kán lára wọn sórí pákó ilé.

"Ẹ dùbúlẹ̀," ni ó wí fún ẹsẹ̀ náà.

"Mo ti dùbúlẹ̀," ni ohùn kan dáhùn láti ìkángun ẹní lọ́hùn-ún. "Àbí ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí ìdúró ni?"

Ìyá àgbà Chaem, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tó ń gé ewé oògùn, rẹ́rìn-ín láti imú. Kesorn kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ títẹ ara lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀ yìí, ọkùnrin yìí sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi orúnkún rìn dé ìdí ẹní. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ níwájú orí, ó pe orúkọ Bàbá Oníṣègùn Shivago tó tọ́jú Búdà fúnra rẹ̀, ó sì tọrọ kí ara tó wà níwájú òun yìí rí ìdẹ̀ra. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Ìyá àgbà Chaem nìyẹn. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ilé ọmọ ọba kan ní Bangkok ló ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ara kò gbọ́dọ̀ wo ẹni tó dùbúlẹ̀ lójú, kò gbọ́dọ̀ mí sí i lára, kò sì gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kàn án ju ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní òdìkejì odò a máa fi ìgúnpá àti orúnkún ṣe é. Wọn a na èèyàn, wọn a ká a bí ẹní, bí àwọn àdágbé inú igbó láyé àtijọ́ ti ń na ara wọn nígbà tí ìjókòó bá sú egungun wọn. Ìyá àgbà kì í bú wọn. "Odò kan náà ni," ló máa ń wí, "èbúté ló yàtọ̀." Ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀, òfin ààfin kò yẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apẹja àti àwọn agunàgbọn létí odò Mae Klong ló ń wá síbẹ̀, tí kò sí ọmọ ọba kankan nínú wọn.

"Wo iṣan rẹ̀," ni Ìyá àgbà wí.

Òun fúnra rẹ̀ kò lè wò ó mọ́. Ogójì ọdún tó fi ń di ìdì ewé gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ara mú ti pa orí ìka rẹ̀. Agbára ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka náà ti di adití. Kesorn ló kù tí ilé náà fi ń gbọ́ ohun tí ara ń sọ.

Ó gbé ọwọ́ ọkùnrin náà, ó gbé àtàǹpàkò lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Iṣan náà ń jà pàtìpàtì bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ọkọ̀.

"Ó ń sáré, Ìyá àgbà."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé ni. Bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o ti mú un."

Wichian ni orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ náà. Ọmọ kan ṣoṣo Màmá Lamom ni, opó tó ní oko àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì. Omi òdòdó àgbọn ni wọ́n ń dá, tí wọ́n ń sè é di ṣúgà. Igi méjìlélógún ló ń gùn láàárọ̀, á tún gun gbogbo wọn nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ọ̀pá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi gbá igi.

Kesorn fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà fà sẹ́yìn.

"Ó dùn yín ni?"

"Rárá o. Ẹ̀rín ló ń pa mí."

"Ẹni tó ń gun igi méjìlélógún lójúmọ́?"

"Igi kì í fọwọ́ kàn mí báyìí."

Ìyá àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yìn lo gbé wá fún wa. A ò ní kí o gbé ẹnu kún un."

Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń padà wá. Kesorn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ náà bí ìwé. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá wà lábẹ́ èékánná, ó mọ̀ pé ó ti ń tú ọ̀gọ̀dọ̀ oko ṣe. Bí ó bá ń rùn fẹẹrẹ bí èéfín, ó mọ̀ pé ìdí ìkòkò ṣúgà ló ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ni kò mọ̀. Nígbà tí Wichian bá ń gun àtẹ̀gùn, Kesorn a ti wà lórí orúnkún tó ń wolẹ̀. Nígbà tó bá sì ń lọ, orí ìtẹríba náà ni á ṣì wà.

Ìyẹn ló fa ọ̀rọ̀ ọjà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, níbi tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà ti ń fún ara wọn lórí omi, ọkùnrin kan tí ìkòkò ṣúgà bò dé ìgbáròkó rẹ́rìn-ín sí Kesorn, ó sì na ṣúgà kan tó fi ewé dì sí i. Kesorn wò ó bí ẹni wo òpó èbúté.

"A ò ra ṣúgà lónìí," ló wí, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà padà wá, ó dùbúlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Kesorn ti dé ẹ̀yìn orúnkún kí ohùn náà tó jáde.

"Ṣúgà tí mo fẹ́ fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn ò rà."

Ọwọ́ Kesorn dúró. "Ẹ̀yin ni?"

"Ta lo rò pé ó jẹ́?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò ló bo ẹsẹ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí Ìyá àgbà fi wúkọ́. "Ó dáa," ló wí. "Lọ́jọ́ mìíràn, màá gbé ẹsẹ̀ sókè lójú ọjà kí n tó kí ọ."

Láti ọjọ́ náà, ṣúgà kan tí wọ́n fi ewé dì a máa wà ní ìdí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú Kesorn kò ti lè fò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣan yẹn kò yé e. Ti àwọn yòókù ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Iṣan apẹja jẹ́jẹ́, ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́jẹ́, ti ìyá tó ń ta ewébẹ̀ pàápàá jẹ́jẹ́. Ti Wichian nìkan ló ń sáré, ó sì ń le sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kesorn ṣí ìwé àfọwọ́kọ tí Ìyá àgbà ya àwòrán ara èèyàn sí. Ìlà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti ẹ̀bá ìdodo jáde. Afẹ́fẹ́ ẹ̀mí ń gbà wọ́n kọjá bí omi ti ń gba àwọn odò wa. Bí pàǹtí bá dí i níbì kan, ibòmíràn á gbẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ju pé kí o tẹ̀ ẹ́, kí o dúró, kí o sì tú u sílẹ̀, kí omi lè tún máa ṣàn. Ó tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n ń pè ní Sumana, èyí tó gba àárín àyà gòkè lọ sí gbòǹgbò ahọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọlúàbí lè tẹ̀. Iṣan náà kò rọlẹ̀.

"Ẹ máa ń mí hẹlẹ bí ẹ bá dókè igi?" ló bi í léèrè.

"Rárá."

"Àyà yín kì í já?"

"Ó máa ń já nígbà mìíràn."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo bá fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ilé yín."

Kesorn kò rẹ́rìn-ín. Ó fi í kún àmì àìsàn náà.

Nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, Màmá Lamom gbé agbọ̀n ẹja wá láti dúpẹ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, èéfín ṣúgà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ìyá àgbà kò sí nílé, ó ti lọ síbi òkú sísun ní abúlé kejì. Màmá Lamom jókòó, ó ní ẹ̀yìn ọmọ òun ti san, ó ń fò bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wá béèrè, bí ìyá ṣe ń béèrè, bóyá nǹkan mìíràn kò sí.

Kesorn wo ilẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ òun ni. "Ẹ̀yìn ti san, Màmá. Àyà rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Iṣan rẹ̀ ń sáré, gbogbo ìgbà ni, ó sì ń burú sí i."

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Màmá Lamom. Kesorn kéré nígbà tí baba Wichian kú, kò rántí pé orí igi àgbọn ni ọkàn ọkùnrin náà ti dáwọ́ lílù dúró, láàárọ̀ ọjọ́ kan tó dára, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá Lamom ti wà níwájú Búdà ńlá inú tẹ́ńpìlì, ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Bí Búdà bá dá ẹ̀mí ọmọ òun sí, ẹ̀mí náà di ti tẹ́ńpìlì. Wichian kò ní gun igi mọ́. Kí àsìkò òjò tó wọlé, yóò fá orí, yóò wọ aṣọ olómi-ọsàn àwọn àlùfáà, kò sì ní bọ́ ọ títí ayé.

Gbogbo ọmọkùnrin wa ló ń wọ aṣọ yẹn fún oṣù mẹ́ta, kì í pa ẹnikẹ́ni. Ti títí ayé ló yàtọ̀. Obìnrin kì í fọwọ́ kan àlùfáà. Kódà bí ó bá fẹ́ gbé àbẹ́là fún un, orí aṣọ ni yóò gbé e lé kí àlùfáà fúnra rẹ̀ wá mú un.

Wichian kò wá lọ́jọ́ tó yẹ kó wá. Ọjọ́ kejì ló dé. Kesorn rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wolẹ̀, ó ń dúró kí ẹsẹ̀ náà wọlé wá sórí ẹní. Kò wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ó gbé ojú sókè. Ojú tó rí lọ́jà yẹn náà ni. Oòrùn ti sun ún, ojú ọ̀hún gbòòrò, ó sì rẹwà ju bí èèyàn ṣe lè kọ ṣúgà rẹ̀ lọ.

"Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá?"

"Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ara mi le. Mo yọ́ gun gbogbo igi náà lánàá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì jẹ abọ́ ìrẹsì méjì."

"Iṣan yín ni mo gbọ́."

"Tún gbọ́ ọ." Ó na ọwọ́ sí i.

Kesorn gbé àtàǹpàkò lé e. Ó ń lù bí ìgbà tí wọ́n ń gún ìrẹsì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Wichian wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo Kesorn, ìbínú sì ti ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ìdààmú ló kù síbẹ̀. "Mo fẹ́ sọ nǹkan mìíràn nígbà tí mo ń bọ̀," ló wí. "O mọ̀ pé bí mo bá wọ aṣọ yẹn, o ò lè fọwọ́ kàn mí mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ wà láyà rẹ̀, kò lè gòkè dé ahọ́n. "Kí ẹ wà láàyè ni mo fẹ́," ló wí níkẹyìn.

Wichian mi orí bí ẹni tí wọ́n fún ní ìdáhùn ìbéèrè tí kò béèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láì bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Ìyá àgbà ti mú Ọjọ́bọ̀ tí yóò ṣe ọjọ́ ìbọlá fún olùkọ́, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ náà ni yóò gbé ìborí tí wọ́n gbẹ́ ojú àdágbé àtijọ́ sí lé Kesorn lórí níwájú gbogbo èèyàn. Láìsí ìborí yẹn, Kesorn kò lè dá ilé náà dúró, àwọn èèyàn kò sì ní gbé ara wọn lé e lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni Ìyá àgbà ti ń retí rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú tán. Ọjọ́ kejì ìborí, ní ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n máa fá orí Wichian.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Kesorn jókòó ti ère Bàbá Oníṣègùn, ó ń fi òróró àgbọn nù ún. Ère igi ni, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Kesorn ń nù, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. *Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?* Kò mọ ìgbà tí àtàǹpàkò rẹ̀ dúró sí ọrùn ọwọ́ ère náà.

Igi náà ń lù.

Kesorn fò sẹ́yìn, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tó dìde, kò tíì mọ̀ bóyá kí òun sá ni àbí kí òun pe Ìyá àgbà. Ó rọra tún gbé àtàǹpàkò lé e. Ó ń lù, pàtìpàtì, bí ẹja inú ọkọ̀. Ó mọ ìlù náà. Ó mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ó gbé àtàǹpàkò kúrò, ó fi ìka mẹ́ta dípò rẹ̀. Igi dákẹ́, igi lásán. Ó dá àtàǹpàkò padà, igi jí. Ìka mẹ́ta, kẹ́kẹ́ pa.

Ìgbà yẹn ni ohùn Ìyá àgbà ti ọdún àkọ́kọ́ padà sí i létí, ẹ̀kọ́ tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré nígbà náà. *Àtàǹpàkò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ. Iṣan tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìka ni kí o fi gbọ́.* Ọdún mẹ́ta tó fi ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn agunàgbọn ti sọ ìka náà di ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé àwọn yòókù.

Kesorn jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olóròóró lórí itan. Wichian kò ṣàìsàn. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ìtìjú sì ń bá ayọ̀ náà du ìjókòó. Bí ọkàn yẹn kò bá jẹ́ ti Wichian, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè ni ín.

Ó wa ọkọ̀ lọ sí ilé Màmá Lamom lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìkòkò ṣúgà ti tutù, àwọn igi ti ń gbẹ nítorí kò sẹ́ni tó ń gé òdòdó wọn. Màmá Lamom ń ṣẹ́ etí aṣọ olómi-ọsàn.

"Màmá, mo ṣìṣe. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀gbọ́n Wichian."

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí nípa baba rẹ̀ náà, pé kò sí nǹkan kan." Kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Nígbà tí o ní o gbọ́ ọkàn tó ń sáré, ṣé irọ́ lo pa?"

"Rárá, Màmá. Mo gbọ́ ọ."

"Ọkàn a máa lù láìsí ẹni tó ni ín bí?"

Kesorn la ẹnu. Gbogbo ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ara rẹ̀ dí pọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó kí Màmá Lamom, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ilé kún dé orí àtẹ̀gùn. Màmá Lamom wà nínú wọn, Wichian jókòó lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ ṣì wà lórí. Ìyá àgbà tan tùràrí, ó sì sọ ìtàn tí gbogbo wọn ti mọ̀. Ó ní nígbà tí Bàbá Oníṣègùn parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ní kó jáde lọ sínú igbó, kó wá ewé kan tí kì í ṣe oògùn wá fún òun. Ó wá a títí. Ó padà dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ojú ń tì í, ó ní òun kò rí ẹyọ kan.

"Kí ni olùkọ́ rẹ̀ wí?" ni Ìyá àgbà bi wọ́n, bó ti máa ń bi wọ́n lọ́dọọdún.

"Ó ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pé," ni gbogbo ilé dáhùn.

Ó pe Kesorn. Kesorn fi orúnkún rìn wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Kò gbé àwo òdòdó tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé wá fún olùkọ́ lọ́wọ́, kò gbé àbẹ́là, kò gbé tùràrí. Àwọn èèyàn wo ara wọn.

"Àwo rẹ dà?" ni Ìyá àgbà bi í.

"N kò lè gbé e wá, Ìyá àgbà. N kò tíì tó gba ìborí." Ó yí sí Màmá Lamom, ó sì wò ó lójú. "Màmá, ẹ bi mí pé ta ló ni ọkàn tí mo gbọ́. Àtàǹpàkò ni mo fi ń gbọ́ iṣan ọmọ yín, bí ẹni tó dé ẹnu iṣẹ́ lánàá. Ọkàn tó ń sáré yẹn, tèmi ni. Bí ẹ̀gbọ́n Wichian bá ti wọlé ló máa ń sáré. Fún àwọn yòókù, kì í sáré."

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn ní, "Ẹ gbọ́ o," olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Kesorn tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan pákó. Ó rò pé ilé Ìyá àgbà ti tú lọ́wọ́ òun.

"Lamom," ni Ìyá àgbà wí pẹ̀lẹ́. "Ìka mẹ́ta. Fi gbọ́ ọmọ rẹ fúnra rẹ."

Màmá Lamom di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fi ìka mẹ́ta lé e. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó ń sáré," ló wí. "Ó ń sáré, Ìyá Chaem. Bí ọmọ náà ṣe wí ló rí."

Ariwo gba inú ilé. Kesorn gbé orí sókè, kò mọ ohun tí yóò gbà gbọ́ mọ́. Àbí àìsàn ọ̀hún wà lóòótọ́? Wichian fúnra rẹ̀ ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ìyá àgbà nìkan ni kò yí padà. "Kesorn, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Lọ jókòó síbẹ̀. Má ṣe wo ẹ̀yìn."

Ó lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò, ẹja wẹẹrẹ ń jẹ ẹ́ ní ìka. Ó gbọ́ tí ilé dákẹ́ lókè. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Màmá Lamom, ohùn tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí agbọ̀n ẹja ti bọ́.

"Ó ti rọlẹ̀. Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó ń lọ bí ti ọmọ tó ń sùn."

"Pè é padà kí o tún gbọ́ ọ," ni Ìyá àgbà wí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Kò gba ìborí lọ́dún yẹn. Ìyá àgbà kò bá a ṣeré lórí ìyẹn. "Lọ́dún tó ń bọ̀," ló wí. "Títí dìgbà náà, máa fi àtàǹpàkò yẹn sẹ́yìn nígbà tí o bá ń gbọ́ iṣan." Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó fi ìka rẹ̀ tó ti kú pa Kesorn lórí. "Ọwọ́ òfìfo ni Bàbá náà gbé dé," ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tẹ́ńpìlì, àlùfáà àgbà gbọ́ ẹjọ́ náà títí dé òpin, ó ní òun kò mọ bí èèyàn ṣe ń san ẹ̀jẹ́ lórí àìsàn tí kò sí. Wichian ló dá ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun yóò wọ aṣọ náà fún oṣù mẹ́ta òjò, bí gbogbo ọmọkùnrin ti ń ṣe fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun kò tíì gbó tó láti fẹ́yàwó.

Oṣù mẹ́ta ni Kesorn fi ń dúró lórí àtẹ̀gùn èbúté ní ìdájí, tó ń bu ìrẹsì gbígbóná sínú abọ́ àlùfáà ọ̀dọ́ kan nínú ọkọ̀ tóóró. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ a máa wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, a sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ méjì nínú ọkọ̀ náà. Èèpo wọn ti ń rọ̀ nítorí wọn kò gun igi, ilà àárín wọn ti ń parẹ́. Ní àárọ̀ kan ọmọ-ìka tó yà síta náà gbéra sókè, ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sílẹ̀. Kesorn fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìrẹsì sódò.

Nígbà tí òjò dá, ọ̀sán kan tó mọ́ kedere, àtẹ̀gùn dún. Kesorn wà lórí orúnkún. Ẹsẹ̀ náà wọlé, ẹrẹ̀ oko wà lábẹ́ èékánná wọn. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ìyá àgbà, tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ṣàdédé rántí pé òun fi ewé sóòrùn ní ẹ̀yìnkùlé.

"Kí ló ń dùn yín?" ni Kesorn béèrè.

"Màmá ń kó ẹrù ìdána bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n wá wò ó bóyá ẹ̀ ń ra ṣúgà lọ́tẹ̀ yìí."

"A ó wò ó."

"Gbọ́ iṣan mi ná."

Ó gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò yí ojú sí ògiri. Irun orí Wichian ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó dà bí orí ọmọ tuntun.

"Ó ń sáré," ni Kesorn wí.

"Fi àtàǹpàkò kún un."

"Òfin kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Fi kún un, Kesorn."

Ó fi kún un. Ó dúró, ó tẹ́tí, iwájú orí rẹ̀ ká díẹ̀ bó ti máa ń ká nígbà tí nǹkan bá rú u lójú. Méjì ni wọ́n, wọ́n ń lù lórí ara wọn, ọ̀kan kò ṣíwájú, èkejì kò kẹ́yìn.

"Mi ò mọ èwo ni tèmi mọ́," ló wí.

"Fi ọwọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Wichian wí, ó sì pa ojú dé.